Hubert Ògúndé: Ọlọ́pàá tí Ó Di Ọ̀gá Òṣèré

Alágbe ni àwọn àgbà máa ń pe òṣèré láyé àtijọ́. Baba wo ni yóò sì fọmọ fún alágbe? Hubert Ògúndé, tí a bí nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ní 1916, mọ èyí kí ó tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ìjọ Aládùúrà kan ni ó kọ eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ní 1944. Nígbà tí àwọn òbí ń fa ọmọbìnrin wọn sẹ́yìn, ó fi púpọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣaya. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é nítorí Yorùbá Ronú. Ó fi Òtítọ́ Korò fèsì. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sídìí sinimá. Nígbà tí ó kú ní 1990, ta ni ó tún pè é ní alágbe?