Mudashiru Lawal àti Eré Accra tí Kò Parí

Ìlú Abẹ́òkúta ni a bí Mudashiru Lawal sí ní ọdún 1954. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń ṣe kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Nígbà tí ó di ara ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà kan ní ọdún 1976, èyí tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kankan kò tíì gba irú rẹ̀ rí. Àárín pápá ni ó máa ń wà, kì í sì í mọ àárẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1978, ó wà lára àwọn tí Nàìjíríà kó lọ sí Accra ní ilẹ̀ Gánà fún Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà. Nàìjíríà àti Tùnísíà ni ó du ipò kẹta. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti ní kùn-ún-kùn-ún nínú tẹ́lẹ̀, nítorí ní ọdún 1977 Tùnísíà borí wa ní Èkó níbí, pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo tí ọmọ wa fi orí kàn sínú ilé ara wa, ọ̀nà Ife Àgbáyé sì dí mọ́ wa.

Ní Accra, Tùnísíà ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ní ìṣẹ́jú 42, àwa náà dá a padà, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Àwọn ará Tùnísíà fárígá. Wọ́n ní ìdájọ́ rẹ́firí kò tọ́, wọ́n kó ẹsẹ̀ wọn kúrò lórí pápá, wọn kò sì padà mọ́. Àwọn aláṣẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Nàìjíríà fi góòlù 2 borí, wọn kò sì jẹ́ kí Tùnísíà bá wọn du ife ti ọdún 1980.

Lójú tèmi, Tùnísíà jẹ̀bi ní ti pé wọ́n fi eré sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bóyá rẹ́firí jàre, ta ni yóò là á? Ojú rẹ̀ àti ti àwọn méjì tí ń mú àsíá lọ́wọ́ ni gbogbo ẹ̀rí tí ó wà nígbà náà. Ọdún 2018, ní Rọ́ṣíà, ni Ife Àgbáyé kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ fídíò tí rẹ́firí fi ń tún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ wò. Ó dé Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún 2019. Ní ọdún 2019 yìí kan náà, ní Tùnísíà gan-an, rẹ́firí kò ka góòlù tí ẹgbẹ́ Wydad ti Mòrókò gbá wọlé. Wọ́n ní kí ó lọ wo fídíò. Ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Àwọn náà kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Lawal kò jókòó ti ipò kẹta. Ní Èkó, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, Nàìjíríà fi góòlù 3 sí òdo na Àlùjíríà, wọ́n sì gba ife náà. Lawal ni ó gbá ìkẹta wọlé. Àlùjíríà dúró lórí pápá títí fèrè ìkẹyìn fi dún. Ní Abidjan ní ọdún 1984, òun ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé nínú àṣekágbá, ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù gba 3 padà. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí ó lọ sí ìdíje náà nìyẹn. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1991, ọmọ ọdún 37 péré.