Charles Parsons ati Ihò Òfo Inú Omi

Li ọjọ́ 13 oṣù Júnì, ọdún 1854, li a bí Charles Algernon Parsons ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìjòyè ilẹ̀ Áílándì ni baba rẹ̀, ẹni tí ó ńfi awò ńlá wo ìràwọ̀. Ilé li àwọn olùkọ́ ti kọ́ Charles ní ìwé li èwe rẹ̀. Lẹ́hìn èyí li ó lọ sí Dublin ati Cambridge. Nígbàtí ó sì parí ìwé, ó lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní Newcastle.

Li ọdún 1884 ó ṣe tọ́báìnì, ẹ̀rọ tí oru omi gbígbóná ńtì tí ó fi ńyí kíákíá. Li 1894 ó gbé e sínú ọkọ̀ Turbinia, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò yára bí ó ti rò. Ẹ̀rọ ńyí, àjẹ̀ irin tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ ńyí pẹ̀lú, síbẹ̀ àjẹ̀ kò rí omi dìmú.

Parsons kan àpótí bàbà onífèrèsé, ó da omi gbígbóná sí i, ó fi àjẹ̀ kékeré sínú rẹ̀, ó sì ńtan iná sí i ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, tí àjẹ̀ náà fi dàbí ẹnipé ó dúró jẹ́. Nígbànáà li ó rí i pé níbi tí àjẹ̀ bá ti yára jù, omi a ya, a sì di ihò tí oru nìkan wà nínú rẹ̀. Ó pín agbára ẹ̀rọ sára ọ̀pá mẹ́ta, ó fi àjẹ̀ mẹ́ta sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Li ọjọ́ 26 oṣù Júnì, 1897, ní àjọ̀dún ọgọ́ta ọdún Ọbabìnrin Victoria lórí ìtẹ́, Turbinia sáré kọjá níwájú àwọn ọkọ̀ ogun ní Spithead, ọkọ̀ tí ó lé e kò sì bá a.

Ihò náà ṣì kù síbẹ̀. Àjẹ̀ àwọn ọkọ̀ ńlá ńjẹrà bí igi tí ikán mú. Ṣé iyọ̀ òkun ni? Li 1917 ọ̀mọ̀wé Rayleigh fi ìṣirò hàn bí agbára tí ó wà nínú wíwó ihò bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ tó. Li 1919 Parsons ati Cook fi ìdánwò tì í lẹ́hìn. Bí ihò bá wó, omi yíká a rọ́ wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a sì gbá ojú irin bí òòlù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ńwọgbà: lílù kan kò ṣe nkankan, ṣùgbọ́n àìmọye rẹ̀ a gbẹ́ irin bí afárá oyin.

Inú ọkọ̀ ojú omi ni Parsons kú sí nítòsí Jàmáíkà, li ọjọ́ 11 oṣù Fébúárì, 1931. Títí di òní, ẹni tí ńrọ àjẹ̀ ọkọ̀ ati ẹni tí ńrọ tọ́báìnì ìdí ìsun omi ńṣọ́ra fún ihò náà. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ohun tí ojú kò lè rí ni ó fi fèrèsé hàn wá. Irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ li ó yẹ kí a máa ṣí fún àwọn ọmọ tí a ó kọ́.