Àdùnní Olórìṣà: Ayàwòrán tí Àìsàn Mú Dé Ọ̀dọ̀ Òrìṣà

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bí a bá fẹ́ rí òwe yìí lára ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé Susanne Wenger, ayàwòrán tí àwọn ará Òṣogbo mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà.

Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní ìlú Graz, ní orílẹ̀-èdè Ọ́síríà. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, ó sì tún lọ kọ́ ọ sí i ní Vienna, olú-ìlú wọn. Ní ọdún 1938, ìjọba Hitler gba orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, tí bọ́ǹbù ń wó ilé ní Vienna, inú ìlú náà ni Susanne wà. Ó wà lára àwọn tó fi ẹ̀mí wewu láti ran àwọn Júù tí ìjọba ń lépa lọ́wọ́. Láàárín ìjayà yẹn ni ó ń ya ohun tó ń rí lójú àlá, àwọn ẹ̀dá abàmì tí kò sí irú wọn lójú ayé.

Ní ọdún 1949 ó pàdé Ulli Beier ní Paris, wọ́n sì fẹ́ ara wọn. Beier ríṣẹ́ olùkọ́ sí Yunifásítì Ìbàdàn (kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ṣì ń pè é nígbà náà), ni wọ́n bá dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1950. Kò pẹ́ rárá tí ikọ́ ife fi dá ìyàwó dùbúlẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì, ó ju ọdún kan lọ kí ara rẹ̀ tó yá. Ikọ́ ife ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun tí à ń fojú kékeré wò. Ṣùgbọ́n àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Wọ́n wò ó, ó sì yè.

Ojú tó fi ń wo ayé ti yí padà. Ní Ẹdẹ, ó pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá. Obìnrin yìí kò gbọ́ Yorùbá, Ajagẹmọ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ wọ́n yé ara wọn. Ẹ rántí pé Ọbàtálá ni òrìṣà tó ń mọ ara ènìyàn, òun ló sì ni àfín, abuké àti arọ. Lójú tèmi, kò yani lẹ́nu pé ẹni tí ogun àti àìsàn ti fọ́ lára yan irú òrìṣà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀npọ̀nná, tí a mọ̀ mọ́ àrùn ìgbóná.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà yí padà. Ó kọ́ bí àwọn obìnrin wa ṣe ń fi ẹ̀kọ ya àdìrẹ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ó sì fi ọgbọ́n yìí ya ìtàn àwọn òrìṣà sórí aṣọ ńláńlá.

Ní ọdún 1958 ó kó lọ sí Òṣogbo. Ikán ti jẹ àwọn ojúbọ inú Igbó Ọ̀ṣun, àwọn kan ti ń jí ère ibẹ̀ kó, àwọn kan ń gé igi. Àdùnní kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú jọ láti tún un kọ́. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kí ó tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà. Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005.

Bí ilé-ìwé bá kó ẹ̀yin ọmọ Yábàá, Mushin tàbí Sùúrùlérè lọ síbẹ̀, ẹ má kàn ya fọ́tò kí ẹ sì máa lọ. Ẹ wo bí ojú àwọn ère náà ṣe ràn, bí apá wọn ṣe gùn ju ti ènìyàn lọ. Ó jọ pé àwọn ẹ̀dá ojú àlá tó ń yà lábẹ́ bọ́ǹbù ní Vienna ló rí ilé gbé.

Àdùnní kú sí Òṣogbo ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93. Ó tọ́ ọmọ tó ju méjìlá lọ. Ọ̀kan nínú wọn, Ṣàngódáre Àjàlá, kọ́ iṣẹ́ àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi di ọ̀gá.