Alùfáà Fernando Saavedra: Ẹni tí Ìṣísẹ̀ Kan Sọ Di Olókìkí

Ní ìgbà èwe wa ní etí omi Ìlàjẹ yìí, ayò ọlọ́pọ́n nìkan ni a mọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ni a ti kọ́kọ́ rí ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Ní àjọ̀dún yìí, ó wù wá láti sọ ìtàn alùfáà kan tí àwọn aláyò náà kò lè gbàgbé.

Ọmọ ilẹ̀ Sípéènì ni Saavedra. Alùfáà ìjọ Àgùdà ni, ó sì sìn ní Glasgow ní ilẹ̀ Scotland. Kì í ṣe ògbóǹtagí aláyò rárá. Ní 1895, Georges Barbier gbé àdììtú kan jáde nínú ìwé ìròyìn Glasgow. Funfun ní ọba àti ọmọ-ogun ẹsẹ̀ kan. Dúdú ní ọba àti ilé ìṣọ́ kan. Barbier gbà pé ọ̀mì ni yóò já sí.

Ọmọ-ogun ẹsẹ̀ tí ó bá dé òpin pátákó lè di ayaba, èyí tí ó lágbára jù lọ. Ṣùgbọ́n pańpẹ́ ni ayaba níbẹ̀: dúdú yóò fi ilé ìṣọ́ rẹ̀ rúbọ, bí ayaba bá sì pa á, ọba dúdú kò ní ibi tí yóò tẹ̀ mọ́, ọ̀mì dé nìyẹn. Saavedra rí i pé kí ọmọ-ogun náà di ilé ìṣọ́, oyè tí ó kéré sí ti ayaba, kí funfun sì borí.

Ó kú ní Dublin ní 1922, kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹ̀rọ wọ̀nyí a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọba ti kú, wọn a sì rìn padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 2012, kọ̀ǹpútà Lomonosov ní Moscow ti yanjú ìparí ayò tí ó ku ọmọ ayò méje. Ọ̀pọ̀ àdììtú àwọn ọ̀gá àtijọ́ ni ẹ̀rọ ti bì ṣubú. Ti Saavedra dúró gbọn-in.

Àwa náà ti lépa oyè ńlá rí nínú iṣẹ́ Olúwa, ó sì dùn wá nígbà tí a kò rí i gbà. Nísinsìnyí tí ọjọ́ wa ń rọ̀, a mọ̀ pé ipò kékeré tí a fi wá sí ni a ti wúlò jù. Ẹ̀yin ọmọ apẹja àti ọmọ atukọ̀ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má ṣe kẹ́gàn ara yín. Kí Olúwa fi ọ̀nà tí ó tọ́ hàn yín. Àmín.