Dunlop: Dókítà ẹranko tó fi afẹ́fẹ́ sínú táyà, àti ihò kékeré tí ẹ kò gbọdọ̀ dí

Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wa ní Èkó. Sílípáàsì rọ́bà tí a ń wọ̀ lọ sí ilé ìwẹ̀, Dunlop là ń pè é, yálà ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe é ni o, tàbí ibòmíràn. Àwọn àgbà tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láyé àtijọ́ mọ orúkọ náà lára táyà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni, àti pé ẹni náà kì í ṣe mẹkáníìkì rárá. Dókítà ẹranko ni.

Ohun tó mú wa sọ ìtàn rẹ̀ lónìí ni ohun kékeré kan tó máa ń kọ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lóminú nígbà òjò: ihò tín-ínrín tó wà lára rímù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ lè rí i kó rò pé wọ́n ti ta rímù tó bàjẹ́ fún òun. Àwọn mìíràn a tiẹ̀ fi gọ́ọ̀mù dí i. Kí a tó dé orí ihò yẹn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rí bó ṣe rí lónìí.

Ọmọ àgbẹ̀ láti Scotland

Ọjọ́ 5, oṣù Kejì, ọdún 1840 ni wọ́n bí John Boyd Dunlop ní abúlé Dreghorn ní Scotland. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko ní ìlú Edinburgh, ọmọ ọdún 19 péré ló sì jẹ́ nígbà tó gba ìwé ẹ̀rí. Ní ọdún 1867, ó sọdá òkun lọ sí Ireland, níkẹyìn ó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Belfast. Ẹṣin ló ń fa ẹrù àti èrò láyé ìgbà yẹn, nítorí náà iṣẹ́ ò wọ́n ẹni tó bá mọ ẹṣin wò. Iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò gan-an.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọmọ náà ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan. Rọ́bà tó le gbagidi ni wọ́n ń fi sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ nígbà náà, òkúta ni wọ́n sì tò sí títì Belfast. Bí ọmọ bá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, jìgìjìgì ni yóò máa gbọ̀n títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1887, Dunlop mú rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó lè gba afẹ́fẹ́ sínú, ó so ó mọ́ ara pákó róbótó kan, ó sì fẹ́ ẹ. Ó wá yí i nínú àgbàlá rẹ̀, ó sì yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ kò jìnnà tó fi ṣubú. Èyí tó ní afẹ́fẹ́ ń yí lọ ni, àfìgbà tó lọ kọlu òpó ẹnu géètì. Bàbá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti dé. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 1888, ìjọba fún un ní ìwé tó fi hàn pé òun ló ni ìhùmọ̀ náà.

Eré kẹ̀kẹ́ ló polówó rẹ̀ fún aráyé. Ní ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, ọdún 1889, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Willie Hume gbé kẹ̀kẹ́ tó ní táyà Dunlop wá sí ìdíje ní Belfast. Eré mẹ́rin ló sá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbégbá orókè. Harvey du Cros, oníṣòwò ará Dublin tí àwọn ọmọ rẹ̀ náà máa ń sáré kẹ̀kẹ́, bá Dunlop dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà.

Ẹlòmíràn ti ṣe é ṣáájú

Ibi tí adùn yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ìkòrò wọ̀ ọ́. Lọ́dún 1890, àṣírí tú pé ọmọ Scotland mìíràn, Robert William Thomson, ti gba irú ìwé yẹn fún táyà aláfẹ́fẹ́ láti ọdún 1845. Àsìkò ti Thomson kò ì pé nígbà náà, torí kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lónìí kò tíì sí, ni aráyé bá gbàgbé rẹ̀. Dunlop kò jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, kò mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe é rí ni. Síbẹ̀, ìwé ọwọ́ rẹ̀ di òtúbáńtẹ́.

Ìhùmọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ilé-iṣẹ́ náà rà láti fi dúró. Àléébù ńlá kan wà lára táyà tí Dunlop fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ rímù ni, wọ́n á sì fi aṣọ wé e. Bí ìṣó bá gún un lójú ọ̀nà, ìyà dé nìyẹn, àfi kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀. Charles Kingston Welch ló wá ojútùú sí i lọ́dún 1890. Ó fi wáyà sí etí táyà, ó sì jẹ́ kí àárín rímù jìn wọnú bíi gọ́tà, kí táyà lè wọlé kó sì ṣeé yọ. Ohun tí fọganáísà ń ṣe lónìí nígbà tó bá fi irin yọ táyà, kó tó lẹ túùbù, ọ̀dọ̀ Welch ló ti wá. Fáàfù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní fáàfù Dunlop pàápàá, ẹni tó ń jẹ́ Woods ló ṣe é. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Òkìkí táyà náà dé ilẹ̀ wa kíákíá. Rọ́bà wá gbówó lórí ní gbogbo àgbáyé, àwọn ènìyàn wọ inú igbó Yorùbá lọ láti fa oje igi rọ́bà tó ń hù fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1895 nìkan, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lórí ìwọ̀n. Wọ́n fa oje náà ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀pọ̀ igi sì kú. Kẹ̀kẹ́ náà dé. W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ Èkó tó kọ́kọ́ fi kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò ṣòwò. Nígbà tó yá, Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá dá ilé-iṣẹ́ táyà tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Dunlop fúnra rẹ̀ kò jẹ nínú ọrọ̀ náà tó bí ẹ ṣe lè rò. Ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún 1895. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ta á ní mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jẹ́jẹ́ ló gbé ní Dublin, ó ní ìpín nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá, ọdún 1921, lẹ́ni ọdún 81. Ogójì ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1961, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ táyà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹjà.

Ihò yẹn wá ńkọ́?

Ẹ rántí pé rímù ti jìn bíi gọ́tà. Rímù alumíníọ̀mù ti òde òní tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ògiri méjì, àárín wọn sì ṣófo bí inú ọ̀pá. Bí ẹ bá gba inú àgbàrá Ìtìrẹ́ tàbí Mushin kọjá, tàbí tí ẹ bá fi omi púpọ̀ fọ kẹ̀kẹ́, omi á gba ojú ihò sípóòkù àti ti fáàfù wọnú ibi tó ṣófo yẹn. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Yóò mú kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wúwo. Èyí tó burú jù ni pé yóò máa jẹ orí sípóòkù àti rímù láti inú, níbi tí ojú kò tó. Lọ́jọ́ tí sípóòkù bá já tàbí tí rímù bá ṣẹ́ láàárín àwọn dáńfó ní Ojúẹlẹ́gba, ọ̀rọ̀ ti kọjá owó rímù nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe rímù fi lu ihò kékeré sí i, kí omi lè rí ibi gbà jáde. Ihò náà kò lè jẹ́ kí táyà jò, torí inú túùbù ni afẹ́fẹ́ wà, ẹ̀gbẹ́ rímù tó kọjú sí àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì ni ihò náà wà. Kódà lára táyà tí kò lo túùbù, ògiri òkè ni wọ́n máa ń fi téèpù dí, kì í ṣe ihò yìí.

Nítorí náà, ẹ má fi gọ́ọ̀mù, gírísì tàbí ọ̀dà dí i. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ẹ fi wáyà tín-ínrín tú u. Lẹ́yìn òjò, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ dúró, kí ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ihò náà wà nísàlẹ̀, kí omi lè ro dànù. Ihò tí wọ́n dìídì lu máa ń rí róbótó, etí rẹ̀ á sì dán. Bí ẹ bá rí èyí tó rí wúruwùru, tó dógùn-ún tàbí tó sán, ẹ má gùn ún, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì.

Dunlop gbé afẹ́fẹ́ wá, Welch gbé gọ́tà wá, àwọn tí orúkọ wọn kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ló sì lu ihò kí omi má bàa ba iṣẹ́ àwọn tó kù jẹ́. Iṣẹ́ gbogbo wọn ni à ń gùn. Òjò ṣì ń bọ̀ o, ẹ gun kẹ̀kẹ́ yín jẹ́jẹ́.