Abraham Lincoln

Abraham Lincoln (12 Oṣù Kejì 1809 – 15 Oṣù Kẹrin 1865) ni Ààrẹ kẹrìndínlógún orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Agbẹjọ́rò ni kí ó tó di ààrẹ, ṣùgbọ́n Lagilagi ni orúkọ ìnagijẹ tí ó fi gbajúmọ̀ nígbà ìdìbò, nítorí igi ọgbà oko tí ó là nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

Ìgbà èwe

Ìpínlẹ̀ Kentucky ni a bí Lincoln sí. Ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Indiana ní ọdún 1816, níbi tí ìyá rẹ̀, Nancy, kú sí ní ọdún 1818. Bí aládùúgbò bá gbà á síṣẹ́, bàbá rẹ̀ ni ó ń gba owó náà, nítorí pé òfin fún bàbá ní àṣẹ lórí iṣẹ́ ọmọ títí ọmọ yóò fi pé ọdún 21.

Ọgbà onígi

Ní ọdún 1830, wọ́n ṣí lọ sí ìtòsí Decatur ní Illinois. Níbẹ̀ ni Lincoln àti John Hanks, ìbátan ìyá rẹ̀, ti la igi tí ó tó láti ṣọgbà yí ilẹ̀ éékà 10 ká. Ẹran ọ̀sìn ń jẹ káàkiri nígbà náà, nítorí náà àgbẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ dáàbò bo irè oko rẹ̀. Wọ́n ń la ìtì igi sí ọ̀pá gígùn, wọ́n sì ń gbé orí ọ̀pá kan lé orí èkejì, kí ọgbà náà lè máa yà sọ́tùn-ún sósì ní wọ́gọwọ̀gọ. Yíyà yìí ni ó ń mú un dúró láìsí ìṣó tàbí òpó tí a rì mọ́lẹ̀. Ó rọrùn láti tú palẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba igi àti ilẹ̀ púpọ̀.

Ìdìbò ọdún 1860

Lincoln fi iṣẹ́ oko sílẹ̀, ó fúnra rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì gba ìwé àṣẹ agbẹjọ́rò ní ọdún 1836. Ní Oṣù Karùn-ún 1860, Hanks gbé ọ̀pá igi méjì wọ ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ní Decatur, pé òun àti Lincoln ni ó là wọ́n. Lincoln kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn gan-an ni, ṣùgbọ́n ó gbà pé òun ti la irú wọn púpọ̀. Bí orúkọ Lagilagi ṣe gbilẹ̀ nìyẹn. Lójú àwọn olùdìbò, ó fi hàn pé ẹni tí ó ń jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè dé ipò gíga, nígbà tí àwọn ẹrú ní ìhà Gúúsù ń ṣiṣẹ́ láìgba owó.

Ipò ààrẹ àti ikú

Lẹ́yìn tí ó wọlé, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1861. Àwọn ọmọ ogun ìhà méjèèjì ń tú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ láti fi igi rẹ̀ dáná. Ní 1 Oṣù Kìn-ín-ní 1863, Lincoln kéde òmìnira fún àwọn ẹrú tí ó wà ní agbègbè àwọn ọlọ̀tẹ̀. John Wilkes Booth yìnbọn fún un ní Washington ní 14 Oṣù Kẹrin 1865, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, àtúnṣe kẹtàlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà fòpin sí òwò ẹrú àti ìmúnilẹ́rú jákèjádò orílẹ̀-èdè náà.