John Cade, Oníṣègùn Ọpọlọ

Ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Murtoa, ní ìpínlẹ̀ Victoria ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ni a bí John Frederick Joseph Cade sí, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1912. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ bá àwọn ọmọ-ogun lọ sí Gallipoli àti ilẹ̀ Faransé, ó sì padà wálé láàyè, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹni tí ó lọ ni ó padà dé. Ogun ti mú àárẹ̀ bá ọkàn rẹ̀. Nígbà tí kò lè dá iṣẹ́ ìṣègùn ìlú náà ṣe mọ́, ó ta ilé ìwòsàn rẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ.

Bí ọmọ ẹlòmíràn ti ń dàgbà lẹ́bàá ọjà tàbí lábà oko, bẹ́ẹ̀ ni John dàgbà nínú ọgbà àwọn ilé ìwòsàn tí a ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí, ní Sunbury, ní Beechworth àti ní Mont Park. Yorùbá a máa wí pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ọmọdékùnrin yìí kò wò wọ́n bí ẹni ń wo eré. Aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n jẹ́. Ojoojúmọ́ ni ó ń rí wọn, kò sì sí ohun tí ó yẹ kí ó máa bà á lẹ́rù lára wọn mọ́.

Ó kàwé ní Scotch College ní ìlú Melbourne, lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Melbourne, ó sì gboyè jáde ní ẹni ọdún 21. Kò pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró dá a dùbúlẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean ni ó tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 1937, nọ́ọ̀sì náà di ìyàwó rẹ̀. Nígbà náà Cade ti wọ iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, èyí ni ìtọ́jú ọpọlọ.

Ogun tún dé. Ní ọdún 1940 ó di oníṣègùn ológun, ní ọdún 1941 wọ́n sì rán ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Singapore. Ní oṣù kejì ọdún 1942 ni ìlú náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Jàpáànù, Cade sì di òǹdè ní àgọ́ Changi fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Ebi pa wọ́n títí a fi lè ka egungun ìhà wọn. Àìsàn tí àìtó fítámì ń fà pọ̀ láàrin wọn, òmíràn nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ a sì máa da orí ènìyàn rú. Oúnjẹ tí kò tó tí ó sì lè sọ ọlọ́gbọ́n di ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún oníṣègùn tí ó ń ronú. Nígbà tí wọ́n dá Cade sílẹ̀ ní ọdún 1945, ó ti dá a lójú pé inú ara ni ó yẹ kí a ti wá orísun ọ̀pọ̀lọpọ̀ wèrè.

Ó yẹ kí a mọ bí ọ̀ràn ti rí nígbà náà. Ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, oníṣègùn ará Jámánì kan, Emil Kraepelin, ti kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wèrè kì í ṣe ẹyọ kan. Ó ya irú kan sọ́tọ̀, èyí tí í dé tí í sì tún í lọ. Nígbà tí ó bá dé, ẹni tí ó mú kì í sùn, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, inú rẹ̀ a máa dùn ju bí ó ti yẹ lọ, yóò máa ná owó tí kò ní, yóò sì máa pàṣẹ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bí ó bá yá, ẹni kan náà lè ṣubú sínú ìbànújẹ́ tí kò nídìí. Irú kejì ni èyí tí a wá ń pè ní schizophrenia: ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe, ẹni tí ó mú a máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, èrò rẹ̀ a sì máa fọ́nká. Orúkọ àrùn ti wà, oògùn ni kò sí. Títì mọ́lé, fífi iná mànàmáná gbọn orí, àti pípa apá kan ọpọlọ lára ni ìtọ́jú tí ó wọ́pọ̀.

Ní ilé ìwòsàn Bundoora, nítòsí Melbourne, Cade sọ yàrá kótópó kan tí a ti ń lò bí ilé ìdáná di yàrá ìwádìí. Èrò rẹ̀ ni pé nǹkan kan pọ̀ jù nínú ara àwọn tí ara wọn kò balẹ̀, nǹkan náà yóò sì bá ìtọ̀ wọn jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gba ìtọ̀ àwọn aláìsàn. Inú firíìjì ilé rẹ̀ ni ó ń kó àwọn ìgò náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ ìyàwó àti ọmọ. Bí Jean ti fara da èyí, ìtàn tirẹ̀ nìyẹn. Cade ń gún ìtọ̀ náà sí inú ikùn ẹmọ́ òyìnbó, ẹranko kékeré aláìnírù tí àwọn oníṣègùn máa ń fi ṣe ìdánwò. Ó dàbí ẹni pé ìtọ̀ àwọn tí ara wọn kò balẹ̀ ń pa àwọn ẹranko náà kíákíá ju ti àwọn yòókù lọ.

Ó fura sí ásíìdì kan tí í wà nínú ìtọ̀, ṣùgbọ́n ásíìdì yìí kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Kí ó lè yòrò, Cade pò ó mọ́ lítíọ́mù, èyí tí í ṣe irin tí ó fúyẹ́ jù lọ nínú gbogbo irin, tí a ti rí láti inú òkúta ní ilẹ̀ Swídìn ní ọdún 1817. Dípò kí májèlé náà le sí i, ó rọ̀. Nígbà tí ó fún àwọn ẹranko náà ní iyọ̀ lítíọ́mù nìkan, bí wákàtí méjì lẹ́yìn náà ara wọn rọ̀ wọ̀ọ̀. Bí ó bá dà wọ́n délẹ̀, wọn a dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn, wọn a máa wò ó. Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé lítíọ́mù tí ó pọ̀ jù ni ó ń ṣe àwọn ẹranko náà, kì í ṣe ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ásíìdì náà sì kùnà pátápátá. Ọ̀nà tí Cade gbà kò tọ́; ibi tí ó já sí ni ó tọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé oògùn náà mì, láti mọ̀ bóyá yóò pa ènìyàn lára. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1948, ó fi í fún ọkùnrin ẹni ọdún 51 kan tí ara rẹ̀ kò ti balẹ̀ rárá láti ọdún márùn-ún, tí ó dọ̀tí, tí ó sì ń ba gbogbo nǹkan jẹ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n ti gbé e lọ sí iyàrá àwọn tí ara wọn ń yá. Ní oṣù keje ó padà sílé, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

Àwọn 19 ni Cade fi oògùn náà tọ́jú. Àwọn 10 ni ara wọn kò balẹ̀ bí ti ọkùnrin yìí, gbogbo wọn ni ó sì ràn lọ́wọ́. Àwọn 6 ní schizophrenia. Ariwo àwọn kan nínú wọn rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn náà wà bí ó ti wà. Àwọn 3 wà nínú ìbànújẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Oògùn kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni ó fi í fún wọn, irú àrùn ni ó yàtọ̀. Níhìn-ín ni ó ti hàn gbangba pé oníṣègùn tí ó pe àrùn ọpọlọ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò fún aláìsàn ní oògùn tí kò ní ṣe é lóore. Cade gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Ọsirélíà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1949.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn kò rí ìsinmi pẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, ó jáwọ́ nínú lílo oògùn náà, wèrè náà sì padà; ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949 ó ti wà ní Bundoora. Wọ́n tún fún un ní lítíọ́mù, ara rẹ̀ tún yá. Lẹ́yìn èyí ni oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é níbi. Bí Cade bá dá a dúró, wèrè dé. Bí ó bá tún fún un, májèlé ń kó jọ sínú ara rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1950, lítíọ́mù pa á. Ní ọdún 1949 kan náà ni àwọn kan ti kú ní Amẹ́ríkà nítorí lítíọ́mù tí wọ́n ń jẹ dípò iyọ̀ ọbẹ̀. Cade fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí a má ṣe lò ó mọ́ ní ilé ìwòsàn rẹ̀. Ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn tí òun tìkára rẹ̀ ṣí. Ó sì tì í.

Àwọn mìíràn ni ó tún un ṣí. Ní Yunifásítì Melbourne, Edward Trautner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ bí a ti ń wọn lítíọ́mù tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí oníṣègùn lè mọ̀ ìgbà tí ìwọ̀n tí ń woni sàn ń di ìwọ̀n tí ń pani, nítorí àlàfo tí ó wà láàrin méjèèjì kò fẹ̀. Ní ilẹ̀ Denmark, Mogens Schou ṣe ìdánwò tí ó péye ní ọdún 1954, àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e sì fi hàn pé oògùn náà kì í wo àrùn náà nìkan, ó tún ń dènà ìpadàbọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ọdún 1970 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó gbà á láyè. Iyọ̀ inú ilẹ̀ lásán ni. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè sọ pé tòun nìkan ni, nítorí náà kò sí ẹni tí ó fi ìkánjú polówó rẹ̀. Títí di òní a ṣì ń lò ó, a sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín ẹni tí ń lò ó wò láti ìgbà dé ìgbà.

Láti ọdún 1952 títí di 1977 ni Cade fi jẹ́ olórí ilé ìwòsàn Royal Park ní Melbourne. Ó dán àwọn iyọ̀ mìíràn wò, kò sì rí èyí tí ó dàbí lítíọ́mù. Ní ọdún 1974 a fi ẹ̀bùn ńlá kan dá òun àti Schou lọ́lá pọ̀, ní ọdún 1976 orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì fún un ní oyè. Ó kú ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1980, ní ẹni ọdún 68.